Ọmọ Alápatà Tó Rán Àrokò Wọ Inú Ara

Bí a bá dé ìsọ̀ olóògùn, ohun méjì ni a sábà máa ń béèrè: èló ni, àti ẹ̀ẹ̀mélòó ni kí á lò ó lójúmọ́. A kì í béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rí i, a kì í sì í béèrè iye ọdún tí oògùn náà fi wà lójú ọ̀nà kí ó tó dé orí pẹpẹ tí a ti rà á. Ẹni tó ń ta aṣọ òkè mọ̀ pé òwú kì í ti orí igi bọ́ sí ọrùn ẹni. Ó mọ ẹni tó ran òwú, ó mọ aláró, ó mọ ahunṣọ, ó sì mọ alájàpá tó rù ú wá sí ọjà. Ṣùgbọ́n ní ti oògùn, ojú wa kò tó ọ̀nà náà, nítorí pé òkèèrè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á bá obìnrin kan rìn lọ́sẹ̀ yìí, láti ilé alápatà kan ní ilẹ̀ Húngárì dé ilé ìwádìí ní Amẹ́ríkà, àti láti ibẹ̀ dé ilé iṣẹ́ oògùn kan ní ilẹ̀ Jámánì. Katalin Karikó ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá gba abẹ́rẹ́ àrùn kòrónà tí wọ́n ń pè ní Moderna tàbí Pfizer, ọgbọ́n obìnrin yìí wà nínú ohun tí wọ́n gún fún un.

Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni wọ́n bí i ní ìlú Szolnok, ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Kisújszállás ni ó ti dàgbà. (Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà fún yín lọ́rùn. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá fẹ́ pe Ìgbómìnà, àwọn náà yóò làágùn.) Alápatà ni baba rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ìṣirò owó. Ilé kékeré ni wọ́n ń gbé. Kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí fíríìjì, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Bí baba bá ń kun ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ yìí a dúró tì í, a máa wo ọkàn, a máa wo ẹ̀dọ̀, a máa wo bí ìfun ṣe lọ́ra pọ̀. Ohun tí ọmọ mìíràn ń rí tí ó ń sá, òun ń rí i, ó ń sún mọ́ ọn. Nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó gba ipò kẹta ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn nínú ìdíje ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí èyí: ilé ẹ̀kọ́ ìlú kékeré ni, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́lá.

Nígbà tó di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ìwé Hans Selye kan bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyẹn onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Kánádà lórí bí wàhálà ṣe ń ba ara ènìyàn jẹ́. Ohun tí ó rí mú nínú ìwé náà ni pé kí ènìyàn gbájú mọ́ ohun tí agbára rẹ̀ ká, kí ó má fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣòfò lórí ohun tí ẹlòmíràn ṣe tàbí tí kò ṣe. Ó ti sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé ìwé yìí ni ó gbé òun ró. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sápò, a óò tún lò ó níwájú.

Ó wọ Yunifásítì ìlú Szeged, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1982 lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe ní ilé ìwádìí kan ní ìlú náà. Ibẹ̀ ni ó ti bá ohun kan pàdé tí wọ́n ń pè ní RNA, láti ìgbà náà kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ó ti fẹ́ ọkọ, Béla Francia, ẹnjiníà, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Susan. Ní 1985, owó tí wọ́n fi ń san owó oṣù rẹ̀ ní ilé ìwádìí tán. Ó kọ̀wé kiri ilẹ̀ Yúróòpù, kò sí ẹni tó rí àyè fún un. Yunifásítì Temple ní ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ni ó ní kí ó máa bọ̀.

Ìjọba Kọ́múníìsì ni ó wà ní Húngárì nígbà náà, ìjọba ọ̀hún kì í sì í jẹ́ kí ará ìlú kó owó òkèèrè jáde ju ìwọ̀nba bíńtín lọ. Ọkọ àti aya ta mọ́tò wọn, wọ́n ṣẹ́ owó náà sí pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́lẹ̀, ó tó £900. Wọ́n tú ọmọláńgidi onírun tí ọmọ wọn fi ń ṣeré, wọ́n kó owó sínú rẹ̀, wọ́n sì rán an padà. Ọmọ gbé ọmọláńgidi mọ́ àyà, gbogbo wọn sì wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ. Ẹ̀yin ìyá tó ti di owó mọ́ ìdí ìró rí nígbà tí ẹ ń lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn, kò sí ohun tí n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún yín níbẹ̀.

Ó kù kí n sọ ohun tí RNA jẹ́, nítorí pé bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ìyókù ìtàn yìí kò ní í yé yín. Ara wa kún fún ẹ̀yà tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí á ka sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sí ààfin kékeré. Nínú yàrá inú lọ́hùn-ún ni ìwé ńlá kan wà, DNA ni orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni a kọ ọ́ sí bí a ó ti ṣe gbogbo ohun tí ara nílò. Ìwé yìí kì í jáde. Bí iṣẹ́ kan bá yá, ààfin a da apá tó kan iṣẹ́ náà kọ, a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ tó wà ní àgbàlá. Ohun tí a dà kọ yìí ni mRNA. Àrokò ni. Àwọn oníṣẹ́ a ka àrokò, wọn a ṣe purotéènì tí ó ní kí wọ́n ṣe, ì báà ṣe èyí tí ara fi ń di ẹran, tàbí èyí tí ara fi ń bá àrùn jà. Kò sì ní í pẹ́ rárá, àrokò náà a já, a sì run.

Èrò tó wà lọ́kàn Karikó nìyí: bí àwa fúnra wa bá lè kọ àrokò ní ilé ìwádìí, tí a sì rí i rán wọ inú ara, ara aláìsàn ni yóò máa po oògùn ara rẹ̀. Èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n ìṣòro rẹ̀ pọ̀. Àrokò yìí tètè ń já ju òwú aláǹtakùn lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ́ tónítóní kò lè ṣe é láì bà á jẹ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé bí wọ́n bá rán an wọ ara ẹranko, ara a gbaná, gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara a dìde sí i bí ẹni pé ọ̀tá ni ó wọ ìlú. Àwọn onímọ̀ tó gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ wò ó, wọ́n ní oògùn kan kò lè ti ibẹ̀ jáde, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ní 1989 Karikó dé Yunifásítì Pennsylvania, tí òun náà wà ní Philadelphia, ó ń bá dókítà ọkàn kan ṣiṣẹ́, Elliot Barnathan. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì rán àrokò sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n ṣe purotéènì kan tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n dúró ti ẹ̀rọ tó ń tẹ èsì jáde, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ti gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Obìnrin náà sọ lẹ́yìn náà pé ó dà bí ẹni pé àwọn di ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ kì í san owó ìsọ̀.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí ìsọ̀ ọjà ni àwọn ilé ìwádìí yunifásítì Amẹ́ríkà ṣe rí. Onímọ̀ ni yóò kọ̀wé sí ìjọba tàbí sí ẹgbẹ́ olówó kan, yóò tọrọ owó ìwádìí. Nínú owó náà ni wọn yóò ti san owó oṣù rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, yunifásítì náà yóò sì mú ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí owó mú wọlé kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Karikó kọ̀wé, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó tún un kọ, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Nígbà tó di 1995, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀nà àtidi ọ̀jọ̀gbọ́n ti dí mọ́ ọn; bí ó bá fẹ́ dúró, kí ó sọ̀kalẹ̀ ní ipò, kí owó oṣù rẹ̀ sì dínkù. Àkókò náà gan-an ni àwọn dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì há sí Húngárì nítorí ìwé ìwọ̀lú. Ó gbà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Èmi kò ní í bú yunifásítì náà, bí inú tilẹ̀ ń bí mi sí wọn. Ẹni tó ní ìsọ̀ ni ó mọ bí owó ilé ṣe ń wọlé. Ohun tí mo rí sí i ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n lò kò bá ọjà náà mu. Wọ́n fi owó tí obìnrin náà mú wọlé wọn ọgbọ́n tó wà lórí rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fi igbá wọn aṣọ. A kò sì jìnnà sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nílé níbí. Mélòó nínú wa ni kì í fi mọ́tò tó wà níwájú ilé olùkọ́ wọn ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ọmọ wa?

Lẹ́yìn tí Barnathan kúrò ní yunifásítì lọ sí ilé iṣẹ́ oògùn kan, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, David Langer, bá Karikó bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n fún un ní àyè lọ́dọ̀ tiwọn. Bí ó ṣe ń ti ibi kan bọ́ sí ibi kejì nìyẹn. Ní 1997 ni ó wá pàdé Drew Weissman. Ibi tí wọ́n ti pàdé kò ju ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ìwé kọ lọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ràn àtimáa da ìwé àwọn onímọ̀ mìíràn kọ, wọ́n sì ń du ẹ̀rọ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Weissman sọ pé òun ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àrùn éèdì. Karikó ní òun lè ṣe àrokò èyíkéyìí tí ó bá fẹ́. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, obìnrin náà kì í dákẹ́. Wọ́n bá ara wọn mu.

Ibí yìí ni ìmọ̀ gidi náà wà, kí ẹ fara balẹ̀ sí i. Wọ́n rí i pé àrokò tí àwọn kọ ní ilé ìwádìí ń bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara nínú. Ṣùgbọ́n irú RNA mìíràn kan wà tí wọ́n ń pè ní tRNA, bí wọ́n bá fi òun sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà, wẹ́rẹ́ báyìí ni, kò sí ariwo. Kí ló dé? Wọ́n wò ó fínnífínní. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi ń kọ RNA, A, U, G àti C. Ṣùgbọ́n nínú RNA tí ara fúnra rẹ̀ ṣe, pàápàá tRNA yìí, ara a máa yí díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà padà, a fi àmì sí wọn lára. Ẹ rántí àwọn oníbodè ayé àtijọ́. Àlejò dé ẹnu bodè, wọ́n wo ojú rẹ̀. Bí ó bá kọ ilà tí wọ́n mọ̀, wọn a ní kí ó kọjá. Bí ojú rẹ̀ bá dán láìní ilà, wọn a figbe ta pé amí ni. Àrokò tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí kò ní ilà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọn lẹ́tà náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí wọ́n mú lẹ́tà U kúrò, tí wọ́n fi èyí tí wọ́n ń pè ní pseudouridine rọ́pò rẹ̀, ariwo dá. Oníbodè jẹ́ kí ó kọjá.

Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 2005 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Immunity, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn ńlá mìíràn ti kọ̀ ọ́. Ní 2008 wọ́n tún fi hàn pé àrokò tí a kọ nílà yìí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe purotéènì púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Weissman rò pé tẹlifóònù àwọn yóò máa dún lọ́sàn-án àti lóru. Kò dún. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Ọdún 2008 yìí kan náà ni ọmọ wọn Susan gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Beijing nínú ìdíje ọkọ̀ ojú omi tí a ń fi àjẹ̀ wà, ó sì tún gba òmíràn ní London ní 2012. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnikẹ́ni bá mọ Karikó, ìyá Susan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ̀yin oníṣòwò, tiyín ló kàn báyìí. Ní 2006 Karikó àti Weissman dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, RNARx, kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n rí yìí ṣe oògùn. Ìjọba Amẹ́ríkà fún wọn ní owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó wà lórí ọgbọ́n náà, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń so nǹkan tuntun mọ́ orúkọ ẹni tó ni ín kí ẹlòmíràn má bàa fi ṣòwò láìgba àṣẹ, kò sí lọ́wọ́ wọn. Ti yunifásítì ni, nítorí pé abẹ́ òrùlé yunifásítì ni wọ́n ti rí i. Wọn kò rí owó tí wọn yóò fi gba àṣẹ náà. Ní 2010 yunifásítì gbé e fún ilé iṣẹ́ mìíràn, ní $300,000 gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ti gbé e jáde. Ìròyìn kan náà ni ó sọ pé nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Moderna àti BioNTech san mílíọ̀nù 75 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó rà á, kí wọ́n tó lè lò ó. Ta ni ó jèrè? Ẹ̀yin ẹ ṣírò rẹ̀. Mo mọ àgbẹ̀ tó ta kòkó rẹ̀ lórí igi nígbà tí ebi ń pa á, ojú tí ó fi ń wo ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí kòkó wọ́n kì í ṣe ojú tó dára.

Ní 2013 Karikó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá àwọn ẹrù rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti kó wọn jáde kúrò ní ilé ìwádìí rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè wọbẹ̀. Láàárín ọdún yẹn ni ó lọ sọ̀rọ̀ ní ìlú Mainz ní Jámánì, níbi tó ti bá Uğur Şahin pàdé. Ọmọ ará Tọ́kì tó ṣí lọ sí Jámánì ni Şahin. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Özlem Türeci wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ BioNTech sílẹ̀ ní 2008. Ilé iṣẹ́ náà kò tíì ta oògùn kan ṣoṣo rí nígbà náà. Nígbà tí Karikó sọ ní yunifásítì pé ibẹ̀ ni òun ń lọ, wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ilé iṣẹ́ wo nìyẹn, tí kò tilẹ̀ ní ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún 58 ni. Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó lọ gbé ní ìlú àjèjì láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹlòmíràn ń ronú ìfẹ̀yìntì.

Kí ni ilé iṣẹ́ oògùn ní tí yunifásítì kò ní? Kì í ṣe ọgbọ́n. Ní yunifásítì, bí onímọ̀ bá ti fi hàn pé nǹkan ṣeé ṣe lára eku, tí ó sì ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde, iṣẹ́ tí wọn yóò yìn ín fún ti parí. Ní ilé iṣẹ́ oògùn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe ṣe é tí igba àkọ́kọ́ àti igba kẹgbẹ̀rún yóò rí bákan náà? Irú ọ̀rá wo ni a ó fi wé e kí ó má bàa já kí ó tó dé inú sẹ́ẹ̀lì? (Ọ̀rá tíntìntín ni wọ́n fi ń wé àrokò yìí, bí a ti ń fi ewé wé ọ̀lẹ̀lẹ̀.) Ta ni yóò gbà kí á kọ́kọ́ gún un lára òun, ta ni yóò kọ ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀, ta ni yóò sì san owó náà fún ọdún mẹ́wàá bí èrè kò bá wọlé? Karikó kọ́ èdè ọjà yìí nígbà tó ti dàgbà. Ní tèmi, ohun tí ó jẹ́ kí ó wúlò ni pé kò pa èdè ilé ìwádìí tì. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà láàárín yàrá méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2020 dé, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà gbé lẹ́tà tí a fi kọ kòkòrò àrùn kòrónà jáde fún gbogbo ayé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé iṣẹ́ BioNTech ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ àrokò tí yóò sọ fún ara pé kí ó ṣe purotéènì kan ṣoṣo, ẹ̀gún tó wà lára kòkòrò náà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara lè mọ̀ ọ́n kí ọ̀tá tó dé. Ní oṣù kẹta, wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Pfizer ti Amẹ́ríkà, tó ní ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ènìyàn tó lé ní 43,000 ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ gidi fún ìdajì, wọ́n gún omi iyọ̀ fún ìdajì, ẹnikẹ́ni kò sì mọ èyí tó gbà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí àrùn náà mú, 170 ni wọ́n. Àwọn 162 wà nínú àwọn tó gba omi iyọ̀, 8 péré wà nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gidi. Nígbà tí ìròyìn pé abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ kàn án nínú oṣù kọkànlá, Karikó wà nílé. Ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣokoléètì bò ni ó fi yọ ayọ̀ náà; ó jẹ odidi páálí kan tán lóun nìkan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kejìlá 2020. Moderna, tí òun náà lo àrokò onílà, tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ní ti ilẹ̀ wa, èyí tó kọ́kọ́ dé ní oṣù kẹta 2021 ni AstraZeneca, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n sì gbà ṣe ìyẹn. Kì í ṣe àrokò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fi Moderna mílíọ̀nù mẹ́rin ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ tó gba ìlú kan nígbà náà ṣì wà létí mi: pé abẹ́rẹ́ náà yóò yí ẹ̀dá ènìyàn padà. Ẹ padà sí ààfin tí mo júwe. Àgbàlá ni àrokò dé, kì í wọ yàrá tí ìwé ńlá wà, àgbàlá náà ni yóò sì já sí. Èyí kò wí pé abẹ́rẹ́ náà kò ní àbùkù. Agbára rẹ̀ a máa dínkù bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, àwọn tó gbà á náà sì lè kó àrùn náà. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn díẹ̀, pàápàá àwọn ọ̀dọ́kùnrin, pé ọkàn wọn wú lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọ̀pọ̀ jù lọ wọn yá. Ẹni tó ń ta oògùn tí kò sọ àbùkù rẹ̀, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó wọlé nígbà náà, ìjà sì bá a wọlé. Yunifásítì Pennsylvania pe BioNTech lẹ́jọ́ pé ìpín tí wọ́n ń san fún òun lórí ọgbọ́n náà kò pé. Ní oṣù kejìlá 2024, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 467 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà. Mo ka ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tó sọ fún obìnrin kan ní 1995 pé kò mú owó wọlé tó ni ó ń du owó orí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí. Karikó kò bá wọn jà. Ó ti kúrò ní BioNTech ní 2022. Ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Szeged, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í nípa àwọn tó já a sílẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé bí wọn kò bá lé òun, òun kò ní í lọ. Ìwé Selye náà ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí ẹ bá rántí. Èmi kò rò pé n óò lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tíì tán. Ní oṣù kejìlá 2022, BioNTech bẹ̀rẹ̀ sí dán abẹ́rẹ́ alárokò kan wò lára ènìyàn láti dènà ibà. Ibà ṣòro ju kòrónà lọ, nítorí pé kòkòrò rẹ̀ a máa yí ìrísí rẹ̀ padà bí ó ti ń ti ibi kan bọ́ sí ibi kejì nínú ara. Ẹ má fi owó oògùn ibà yín ra nǹkan mìíràn.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2023, ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Philadelphia nígbà tí tẹlifóònù dún. Ọkọ ni ó gbé e, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀. Láti Sweden ni wọ́n ti ń pè, pé òun àti Weissman ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn dá lọ́lá. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Lọ́jọ́ náà ni ó sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún àwọn tó pè é. Ní ọdọọdún, bí oṣù kẹwàá bá ti dé, ìyá náà a jókòó ti rédíò ní Húngárì, a máa gbọ́ orúkọ àwọn tó gba ẹ̀bùn náà, a sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bóyá ọdún yìí ni wọn yóò pe tìrẹ. Ọmọ a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ìyá mi, n kò tilẹ̀ rí owó ìwádìí gbà." Ìyá a ní ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ọdún 2018 ni ìyá náà kú.